Òkun Tó Dákẹ́ Kò Sùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Ẹgbẹ́ àti Ọkọ̀ Ojú Omi

 

Ní ìgbà ìrúwé, ọ̀sẹ̀ kan máa ń wà ní Houston tí ara máa ń tu gbogbo ènìyàn. Òtútù ti lọ, oòrùn kò tíì máa ta ni lára bíi ti oṣù kẹjọ. Bí a bá wa mọ́tò gba I-45 lọ sí Galveston, a ó rí i pé omi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Afẹ́fẹ́ kò ju knot 5 sí 10 lọ, ìgbì kò ju ẹsẹ̀ bàtà 1 tàbí 2 lọ. Irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àbá máa ń jáde nínú ìpàdé ẹgbẹ́: "Ẹ jẹ́ ká háyà ọkọ̀ ojú omi fún pikiniki àwọn ọmọ wa lọ́dún yìí." Ẹlòmíràn á tún ní kí ènìyàn mẹ́rin dáwó jọ, kí wọ́n ra ọkọ̀ kan, kí wọ́n máa fi gbé èrò ní òpin ọ̀sẹ̀, kí owó máa wọlé.

Àbá náà dára. Èmi kò sọ pé ká má gbádùn. Èrò tèmi ni pé ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ sílẹ̀ àfi bí a bá ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta: ta ni yóò máa wo ojú ọjọ́ fún wa, ta ló fún ọkọ̀ àti atukọ̀ náà ní àṣẹ, àti pé bí ojú ọjọ́ bá yí padà, owó wa ńkọ́? Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ohun tí a kì í rántí ni pé òkun tó dákẹ́ náà ní ewu tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kùrukùru. Láti ìparí ọdún títí di nǹkan bí oṣù kẹrin, omi etí òkun Texas máa ń tutù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ wá láti inú Gulf máa ń lóoru, ó sì máa ń kún fún ọ̀rinrin. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá rọra kọjá lórí omi tútù, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á di kùrukùru, gẹ́gẹ́ bí èémí wa ṣe ń bo dígí mọ́tò. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti àríwá ló sábà máa ń gbá a lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, ó lè jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tí omi tẹ́ pẹrẹsẹ lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí atukọ̀ kò ní rí ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ọ̀fẹ́ tí ìjọba Texas fi ń kó mọ́tò àti ènìyàn láti Galveston lọ sí Port Bolivar pàápàá máa ń dúró bí kùrukùru bá pọ̀ jù. Bí ọkọ̀ ìjọba tó ní ẹ̀rọ rédà bá dúró, kí ni ọkọ̀ kékeré tí a háyà ń wá lójú omi?

Ọ̀rọ̀ kejì ni Galveston Bay fúnra rẹ̀. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 600 máìlì níbùú-lóòró, ṣùgbọ́n kò jìn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ènìyàn gíga méjì tó gun ara wọn léjìká kò ní mù. Ọ̀nà kan tí wọ́n gbẹ́ jìn gba àárín rẹ̀ kọjá, òun ni Houston Ship Channel, tó gùn tó 52 máìlì, ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ ẹrù ńláńlá ń gbà lọ sí èbúté. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lójijì, kò sì lè yà fún ọ. Bí ó bá ti kọjá, omi tó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ á rìn jìnnà, á dé ibi tí omi kò ti jìn, á sì gbéra sókè di ìgbì, nígbà tí ewé kan kò mì lórí igi. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi pákó gun ìgbì ọkọ̀ ńlá wọ̀nyí ṣeré ní Galveston Bay. Ìgbì tó lè gbé àgbàlagbà tó dúró lórí pákó lè da ọmọ ọdún márùn-ún tó jókòó sí etí ọkọ̀ sómi.

Ẹ̀kẹta ni ìjì òjijì. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 2021, ọkọ̀ iṣẹ́ epo kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Seacor Power kúrò ní Port Fourchon ní Louisiana, tí kò jìnnà sí wa. Ènìyàn 19 ló wà nínú rẹ̀. Ìròyìn ojú ọjọ́ tí wọ́n gbà láàárọ̀ ọjọ́ náà sọ pé afẹ́fẹ́ ọ̀sán yóò wà láàárín knot 9 sí 12, ìgbì yóò sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3. Ọjọ́ jẹ́jẹ́ nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni ìjì líle dé, tó sì dojú ọkọ̀ náà dé. Ènìyàn 6 ni wọ́n rí gbà là. 13 bá a lọ. Nígbà tí àwọn aṣèwádìí ìjọba àpapọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé ìkìlọ̀ pàjáwìrì tí ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ṣe nípa ìjì náà kò dé etí àwọn tó wà nínú ọkọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tó yẹ kó gbé ìkìlọ̀ náà lọ kò ṣiṣẹ́. Ẹ wo ọkọ̀ ńlá, ẹ wo àwọn tó fi òkun ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ìròyìn àárọ̀ nìkan kò tó gbé ènìyàn dé alẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé òtútù omi. Nínú oṣù kẹta, oòrùn lè mú kí a wọ ṣẹ́ẹ̀tì penpe, ṣùgbọ́n omi Galveston ṣì máa ń wà ní nǹkan bí 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Kì í ṣe omi ọ̀sà Èkó. Ẹni tó bá já sínú rẹ̀ lójijì, èémí á kọ́kọ́ há a, kó tó rántí pé òun mọ̀ ọ́ wẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ èsì àwọn kan: "Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ọmọ Ìlàjẹ ni mí, wọn kì í fi omi dẹ́rù bà mí." Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Ṣùgbọ́n òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Bàbá yín mọ ọ̀sà tirẹ̀ nítorí pé ojoojúmọ́ ló ń wò ó: ó mọ ìkùukùu tó ń gbé òjò bọ̀, ó mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà. Bí ojú kò bá dá a lójú, kò ní tú okùn ọkọ̀. Ìmọ̀ omi kan kò ṣe é kó wọ ẹrù gbé wá sí omi mìíràn. Nílé náà, a rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kẹfà ọdún 2023 lágbègbè Pategi, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó wọ ọkọ̀ lóru lórí Odò Ọya, ọkọ̀ náà sì dànù; ó ju 100 ènìyàn tó kú. Ọmọ odò ni púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí owó, nítorí ojú ewé òwò nìyí. Ìdákẹ́ òkun ń kan àpò wa, kódà bí a kò wọ ọkọ̀ rí. Bí kùrukùru bá bo Ship Channel, àwọn pilot, ìyẹn àwọn tó ń fi ọ̀nà han ọkọ̀ ńlá wọ èbúté, á dáwọ́ dúró. Ọkọ̀ á tò sójú òkun. Àwọn ọmọ wa tó ń wa tírélà lọ sí Barbours Cut àti Bayport mọ ohun tí mo ń sọ: ẹni tí wọ́n ń san owó fún lórí iye ìrìn tó rìn kò ní rí owó gbà bí ọkọ̀ kò bá wọlé. Ẹni tó fi kọ̀ǹténà ránṣẹ́ sí Èkó náà kò ní mọ̀ ju pé ejẹ́ńtì ń sọ pé "ó kù díẹ̀." Ìmọ̀ràn mi ni pé láàárín oṣù kìíní sí ìkẹrin, kí oníṣòwò fi ọjọ́ mélòó kan kún àdéhùn rẹ̀. Ẹ má ṣèlérí fún ìyàwó tuntun nílé pé ẹrù ìgbéyàwó yóò dé ní ọjọ́ báyìí gan-an. Ẹ̀tẹ́ pọ̀ ju owó ọkọ̀ lọ.

Nípa ọkọ̀ tí àwọn mẹ́rin fẹ́ rà, ẹ ka òfin kí ẹ tó ka owó. Ẹni tó bá fẹ́ gbé èrò gba owó lórí omi wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ atukọ̀ láti ọwọ́ Coast Guard. Ọkọ̀ tí wọn kò tíì yẹ̀ wò kò gbọdọ̀ gbé ju èrò 6 lọ bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá sanwó. Bí èrò bá ju 6 lọ, Coast Guard gbọ́dọ̀ ti yẹ ọkọ̀ náà wò, kí wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ìńṣọ́ráǹsì tí ènìyàn ra fún ọkọ̀ ìgbádùn ara rẹ̀ ni kì í sanwó bí ewu bá ṣẹlẹ̀ nígbà tó ń fi ọkọ̀ náà ṣòwò. Ẹni tó bá rò pé èrè ni òun ń kó lè di ẹni tí yóò ta ilé rẹ̀ san gbèsè. Ní Texas, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù amúniléfòó sọ́rùn nígbà tí ọkọ̀ tó kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 26 bá ń rìn. Àwọn àgbà ńkọ́? Nínú ìròyìn Coast Guard ti ọdún 2023, ènìyàn 564 ló kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ìgbádùn káàkiri Amẹ́ríkà. Nínú àwọn tó kú sómi, 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò wọ ẹ̀wù náà. Ẹ̀wù wà nínú ọkọ̀ kò tó. Ọrùn ni kó wà.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù nìyí. Ẹlòmíràn á ní atukọ̀ ló ni iṣẹ́ wíwo ojú ọjọ́, kì í ṣe tiwa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: bí atukọ̀ bá sọ pé a kò lọ mọ́, òun ló pàdánù owó ọjọ́ náà. Bí àwa bá sọ pé a kò lọ mọ́, àsansílẹ̀ wa wọ igbó. A ti dáná jọ́lọ́ọ̀fù, àwọn ọmọ ti wọ aṣọ ẹgbẹ́. Kùrukùru á wà níwájú wa, àwa náà á máa sọ pé "ó máa ká láìpẹ́." Ojú kò ní parọ́, owó ló máa jẹ́ kí ẹnu parọ́. Nítorí náà, ibi tí a ti ń bu ọwọ́ lùwé ni a ti ń gba ẹ̀mí là. Bí àdéhùn bá sọ pé a lè sún ọjọ́ síwájú nítorí ojú ọjọ́ láìpàdánù kọ́bọ̀, ẹnu kò ní wúwo láti sọ pé "rárá." Bí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ bá gbówó lórí díẹ̀, kí ẹgbẹ́ san án. Owó ìdájọ́ tó yè kooro ni.

Àbá mi fún ìpàdé tó ń bọ̀ rèé.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn méjì tí kò ní ọwọ́ nínú ètò oúnjẹ tàbí ti owó, kí wọ́n máa ka àsọtẹ́lẹ̀ ojú òkun tí National Weather Service ń gbé jáde lójoojúmọ́ láti ọ́fíìsì wọn ní League City. Kí wọ́n ka ti Galveston Bay lọ́tọ̀, kí wọ́n ka ti ojú òkun gan-an lọ́tọ̀, nítorí wọn kì í ṣe bákan náà. Kí wọ́n wo afẹ́fẹ́, ìgbì, kùrukùru àti ààrá. Bí àwọn méjèèjì bá ní "rárá," ó parí. Kò sí ìbò.

Èkejì, kí a rí ìwé àṣẹ atukọ̀ àti ìwé ẹ̀rí ọkọ̀ pẹ̀lú ojú wa kí akápò tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì.

Ẹ̀kẹta, kí ọ̀rọ̀ sísún ọjọ́ síwájú wà nínú ìwé, kì í ṣe ní ẹnu.

Ẹ̀kẹrin, kí ọmọdé àti àgbà wọ ẹ̀wù amúniléfòó, títí kan ààrẹ ẹgbẹ́. Agbádá lè dúró sílé lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹgbẹ́ fi díẹ̀ nínú owó pikiniki ran àwọn òbí lọ́wọ́ láti fi ọmọ wọn síbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní omi wíwẹ̀. Àwa tí a dàgbà sílé mọ iye ìgbà tí wọ́n nà wá pé a lọ sí odò. Ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀ ọ́ wẹ̀ títí di òní. Kí ìbẹ̀rù tiwa má di ogún fún ọmọ tí a bí sí ìlú tó súnmọ́ omi tó báyìí.

Bí a bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ọ̀sẹ̀ jẹ́jẹ́ bá sì dé, tí àwọn méjèèjì tó ń wo ojú ọjọ́ bá ní "ó yá," èmi ni n ó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ẹkún parí ohun tí a fi ijó bẹ̀rẹ̀. Ire o.