Ìpè olówó pọ́ọ́kú ń sọ wá di odi

  Ọ̀rọ̀ owó ìpè tí àwọn kan ń gbé kiri láti ìjọ́mẹ́ta ni àwa olùkọ́ fẹ́ dá sí, a ò sì ní fi epo rọ́bì bò ó.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ti wọ òwò ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń ra ìṣẹ́jú ìpè lọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun, wọ́n wá ń ṣe alágbàtà rẹ̀ fún àwọn èèyàn wa tó fẹ́ pe ilé. Òwò gidi ni, a ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ibi tí ìjà wà ni pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bèèrè kí wọ́n tó ra ọjà: èló ni? Ẹni tó bá ti rí èyí tó rẹlẹ̀ jù á sáré wá kéde, gbogbo èèyàn á sì máa pàtẹ́wọ́. Àwa ò ní pàtẹ́wọ́.

Gbogbo wa la ti rí ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọmọ á pe ìyá rẹ̀ láti Paris. Nọ́ńbà Kútọnu kan tí ìyá kò mọ̀ rí ló máa yọ lójú fóònù, ìyá á sì jẹ́ kó dún títí, torí pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un nípa àwọn gbájú-ẹ̀. Bó bá gbé e, ohùn ọmọ á máa já bí okùn tó ti gbó. Ọmọ á tún rí i pé wọ́n ti yọ owó ìṣẹ́jú méjì lọ́wọ́ òun nígbà tí fóònù ṣì ń dún. Ìpè mẹ́ta irú èyí wọ́n ju ìpè gidi kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí ohùn ṣe ń rìn. Ohùn kì í gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá lódidi. Ẹ̀rọ á gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni gé ilá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ 20 mílísẹ́kọ́ńdì, èyí já sí 50 ẹyọ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ tó wà lódìkejì ló máa tò wọ́n padà. Bí ọ̀nà bá dí, àwọn ẹyọ kan á pẹ́ dé, àwọn mìíràn á sọnù pátápátá. Nínú Yorùbá wa, ewu tó wà níbẹ̀ kò kéré. Ìyá sọ pé, “Má wá lónìí.” Ọ̀rọ̀ “má” yẹn kì í ju ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ẹyọ mẹ́wàá péré ni. Kí mẹ́wàá yẹn sọnù, “Wá lónìí” ni ọmọ máa gbọ́, á sì lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Pípẹ́ tún wà. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, ITU, sọ nínú ìlànà rẹ̀ tó ń jẹ́ G.114 pé bí ohùn kò bá lò ju 150 mílísẹ́kọ́ńdì lọ kó tó dé etí ẹnì kejì, kò sí wàhálà. Bó bá ju 400 lọ, kò bójú mu mọ́. Àwa tí ìkíni wa gùn, tí àgbà ń kí tí ọmọ ń dáhùn ní ìtẹ̀léra, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ohùn pẹ́, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ pọ̀, ó wá dà bíi pé ọmọ ń já lu ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. A mọ àwọn bàbá tí wọ́n ti bínú lórí èyí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ kọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2022, ètò tí NCC tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀, pé kí ìpè tó bá ti òkèèrè wọlé máa san 0.045 dọ́là fún ìṣẹ́jú kan; ẹ jẹ́ ká fi iye ọdún náà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ pè é ní owó oníbodè. Ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú, 45 dọ́là nìyẹn, kí ẹni tó ń ta ìpè tó jẹ èrè kankan. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé òun máa tà á fún yín ní 0.02, 20 dọ́là ló gbà lọ́wọ́ yín. Ta ló san 25 tó kù? Ọmọ CM1 wa á bèèrè ìbéèrè yẹn. Kí ló dé tí àwọn ọkùnrin tó ní báńkà lọ́wọ́ kò bèèrè?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó san án. Ìpè yẹn kò gba ẹnubodè, ọ̀nà fàyàwọ́ ló gbà. Àwa tí a ń gbé etí ààlà, kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fàyàwọ́ fún wa. Ẹnì kan ti to káàdì SIM jọ sínú àpótí ẹ̀rọ kan, SIM box. Ìpè gba íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun á wá fi ọ̀kan nínú àwọn SIM yẹn pè bíi pé ìpè inú ìlú ni. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà Kútọnu fi ń yọ lójú fóònù ìyá. Òfin kò fàyè gbà á, ní Benin tàbí ní Nàìjíríà. Ọjọ́ tí wọ́n bá dí àwọn SIM yẹn, ìpè yín di òkú, owó tí ẹ ti san sílẹ̀ náà sì lọ.

Àwọn kan á ní WhatsApp ti dé, kí la tún ń jà sí? Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá àgbà tó wà lóko pẹ̀lú fóònù oníbọ́tìnnì. Àwọn mìíràn á ní èèyàn wa kò lówó. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ ká máa gba owó lọ́wọ́ wọn fún ìpè tí kò débì kan. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. A ò ní kí ẹ ra èyí tó wọ́n jù lọ. Ẹ ra èyí tó ń ṣiṣẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ má kọ́kọ́ san owó púpọ̀. Ẹ ra díẹ̀, kí ẹ fi pe èèyàn tiyín lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, ní alẹ́ àti ní ọjọ́ Àìkú tí gbogbo ayé ń pe ilé, kì í ṣe ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tí ọ̀nà ṣófo. Ẹ bi ẹni tó gbé e pé nọ́ńbà wo ló rí. Ẹ fi aago ọwọ́ yín wé àkókò tí wọ́n kọ sínú ìwé owó. Ẹ bèèrè bóyá ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà àbí odindi ìṣẹ́jú, torí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 61 lè rí owó ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ tún bèèrè ASR, ìyẹn iye ìpè tí wọ́n gbé nínú ọgọ́rùn-ún, àti ACD, bí ìpè kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó. Bí ACD ọ̀nà kan bá jẹ́ 30 ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ sá. Yorùbá wo ló ń kí ara tán ní 30 ìṣẹ́jú-àáyá?

Ẹ bèèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, SAT-3 àti ACE wà lára wọn, Benin sì jẹ nínú ìyà náà. Ẹni tó ní ọ̀nà kan ṣoṣo kò ní ohun tó máa tà fún yín lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2024, nọ́ńbà Benin di mẹ́wàá, 01 ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Olùtajà tó bá ṣì ń kọ nọ́ńbà mẹ́wàá, tó ń retí mẹ́jọ, kò tíì gbọ́ ìròyìn ilé wa.

Ti ọ̀dọ̀ tiyín náà wà ńbẹ̀ o. Ohùn tí a kò fún pọ̀, G.711, ń lò tó 87 kílóbíìtì nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ̀lú ẹrù tó bá a rìn. Ìpè mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mégábíìtì kan ní àlọ, iye kan náà ní àbọ̀. Ẹ ò lè máa wo bọ́ọ̀lù lórí laini yẹn kan náà, kí ẹ wá máa bú olùtajà.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn alágbàtà tó wà lójú ewé yìí nìyí: kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ síbí, àti bí ó ṣe ń ka owó. Lẹ́yìn náà, ní alẹ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí ẹ jẹ́ kí èèyàn márùn-ún láti Paris fi ọ̀nà yín pe Kétu, kí èèyàn márùn-ún pe Ìmẹ̀kọ. Àwọn ìyá tó gbé e ni kó wá sọ fún wa bóyá nọ́ńbà ọmọ wọn ni wọ́n rí. A ń retí orúkọ àkọ́kọ́.