Ta Ló Ní Kí Ìtàn Àyálò Má Tà?

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan ti ń sú mi. Bí ìtàn iwin àti oògùn kan bá ti gbayì nígboro, tí ìyá aláṣọ lọ́jà àti ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ń sọ ọ́ lẹ́nu, wọn a yínmú sí i. Wọn a ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀, wọn a ní ibi báyìí ni wọ́n ti jí i, àìmọ̀kan ló sì jẹ́ kí èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ ká rọra yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, kí a má baà dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, kí ẹlẹ́ṣẹ̀ gidi sì máa lọ ní tirẹ̀.

Òkè-Igbó tí wọ́n ti bí D. O. Fágúnwà kò jìnnà sí Modákẹ́kẹ́ níbi tí mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí. Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ọdẹ wọ igbó, ó bá ẹbọra pàdé: ta ni kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu bàbá rẹ̀? Àwọn tó mọ̀wé sì ti tọ́ka sí i pé ìwé John Bunyan, tí àwọn míṣọ́nnárì ti túmọ̀ sí Yorùbá láyé ọjọ́un, hàn nínú iṣẹ́ Fágúnwà. Síbẹ̀, ìran dé ìran ló ka ìwé yìí nílé ẹ̀kọ́.

Amos Tutùọlá ńkọ́? Ní 1952 ni ilé iṣẹ́ Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ The Palm-Wine Drinkard. Dylan Thomas, akéwì ará Wales, yìn ín gan-an. Ṣùgbọ́n ní 1954, ẹnì kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa pé kò yẹ kí wọ́n tẹ ìwé náà rárá, pé ìtàn tí gbogbo ayé ti mọ̀, tí Fágúnwà ti kọ, ló pọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ kúkú ni pé ó yá nǹkan. Àmọ́ nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé e sórí ìtàgé ní 1963, tó pè é ní Ọ̀mùtí, àwọn tó ti mọ ìtàn náà láti kékeré ló tún sanwó lọ wò ó. Kí ló dé?

Ìdí rẹ̀ ò le. Ẹni tó ń gbọ́ àlọ́ kì í dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn rédíò. Ó ń gbe orin ni. Ta ló sì lè gbe orin tí kò mọ̀? Gbogbo wa la mọ̀ pé ọwọ́ yóò tẹ Ìjàpá. Bí apàlọ́ tòní yóò ṣe mú un la jókòó dè. Ẹni tó ti fi gbogbo ọ̀sán lé mọ́tò, tí owó oṣù rẹ̀ kò tíì wọlé, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú òun gba ọ̀nà àjèjì lálẹ́. Ó fẹ́ ibi tí ọmọ tálákà ti ń rí agbára, tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ níyà ti ń gba ẹ̀san. Àìmọ̀kan kọ́ nìyẹn jàre. Ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó náà. Nígbà tí Terry Brooks ará Amẹ́ríkà kọ The Sword of Shannara ní 1977, àwọn alárìíwísí pariwo pé ti Tolkien ló ṣe àwòkọ. Ìwé náà tà wàràwàrà! Àwọn tó ti ka ti Tolkien tán, tí ojú wọn ń wá òmíràn, ló rà á.

Inú ìwé Tutùọlá yẹn náà ni mo ti rí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìtàn. Arẹwà ọkùnrin kan wá sọ́jà, ọmọge kan tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ti ń lọ ló ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni wọ́n, tó ń san owó ìyálò, títí ó fi ku agbárí nìkan. (Àlọ́ àtijọ́ ni, Tutùọlá kọ́ ló dá a.) Bí ẹ bá gba Bunyan àti àlọ́ lọ́wọ́ Fágúnwà, ahọ́n rẹ̀ kù, ẹ̀rín rẹ̀ kù. Bí ẹ bá gba gbogbo ohun tí Tutùọlá yá, Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnìkan ò sọ rí ṣáájú rẹ̀ kù.

Àwọn oníṣẹ́ fíìmù wa ló wá kàn mí. Mo fẹ́ràn Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 1922 + 100, ìyẹn 2022: ẹyẹ tó ń jí òkú kì í ṣe ohun tuntun, ṣùgbọ́n ìgbéraga ọkùnrin tó rí agbára he ló dùn mí wọra. Lọ́dún kan náà ni Agẹṣinkólé pa ju 300 mílíọ̀nù náírà lọ ní sinimá. Láti ìgbà náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sáré! Owó ẹyọ lọ́rùn, ọfọ̀ gígùn, iná láti àtẹ́lẹwọ́. Ẹ gba ìyẹn kúrò, agbárí lásán ló kù. Akọni wọn kì í bẹ̀rù. Àkàrà-Ògùn ti Fágúnwà bẹ̀rù o. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ igbó, jìnnìjìnnì bò ó, ó fi egbé sá padà sílé.

Èmi ò sì lè fi èyí ṣeré, nítorí ibi tí mo ń gbé. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mí nígbà tí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1997, tó ń rú títí di 2000. Ìtàn ayẹta kún ẹnu gbogbo èèyàn. Ilé jóná, èèyàn kú ní ìhà méjèèjì. Nítorí náà, bí ìbọn bá dún nínú fíìmù, tí akọni gbọn ẹ̀wù, tí ọta já bọ́ bí àgbàdo, tí àwọn ọmọ àdúgbò sì pàtẹ́wọ́, ó máa ń ṣe mí bíi kí n bi ẹni tó kọ ọ́ pé: àwọn tí ti wọn kò jẹ́ ńkọ́, ta ló sin wọ́n?