Èsúsú àti Èlé orí Èlé

Arábìnrin wa kan tí ó ń ta aṣọ ní Warri níhìn-ín bi mí léèrè bóyá osusu tí àwọn obìnrin Urhobo àti Ìtsẹ́kírì nínú ọjà pè é sí kò ní èlé nínú. Ìbẹ̀rù èlé ni kò jẹ́ kí ó dá a. Orúkọ náà sì tún ṣe àjèjì létí rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èsúsú ilé wa mà ni! Samuel Johnson ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921: iye kan náà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá, wọn a sì kó gbogbo rẹ̀ fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà rìn jìnnà. Osusu ni wọ́n ń pè é ní Sàró àti Gambia. Ní Trinidad, níbi tí a kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ, susu ni. Àwọn kan ní láti inú sou, owó wẹ́wẹ́ àwọn Faransé, ni ó ti wá. Èmi kò gbà.

Èlé ńkọ́? Ohun tí ó lé lórí owó tí a yá ni. Àwọn ará Jámánì so ọ̀rọ̀ kan mọ́ ara rẹ̀: Zins ni èlé, Zinseszins sì ni èlé orí èlé. Census àwọn ará Róòmù, èyí tí wọ́n fi ń ka ènìyàn àti ohun ìní fún owó orí, ni Zins ti ṣẹ̀. Bí a bá yá ₦100,000 ní èlé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, tí a kò san nǹkan kan, yóò di ₦313,843 lẹ́yìn oṣù 12. Irú ìlọ́po lórí ìlọ́po yìí ni Àlùkùránì kọ̀ nínú Súrà Àlí Ìmúrána, ẹsẹ 130.

Nínú èsúsú, ẹni mẹ́wàá tí ń dá ₦5,000 yóò kó ₦50,000, ₦50,000 náà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì dá. Kò sí ohun tí ó lé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹni tí ó pẹ́ san fi owó kún un fún àwọn yòókù, èlé ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nìyẹn. Ewu mìíràn ni ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó tí yóò sì sá lọ. Mo ní kí ó bèèrè onígbọ̀wọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí Súrà Báqárà, ẹsẹ 282, ti wí.

Ó ti dá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta báyìí. Ipò kẹjọ ni wọ́n fi í sí.