Àlejò Kọ́ Ni Ó Sọ Wá Di Òtòṣì

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Òṣòdì, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ẹni tí yóò sọ pé àwọn àjèjì ni ó gba iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, àti pé bí a bá lé wọn lọ, owó yóò pọ̀ nílùú. Irọ́ ni. (Òṣòdì Tápà tí àdúgbò náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ pàápàá, ilẹ̀ Tápà ni ó ti wá sí Èkó.) Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí mo fi pè é ní irọ́ kí ẹ tó bá wọn pariwo rẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí ní ọdún 1969 nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti Gana dé. Abẹ́rẹ́, òwú, fìtílà àti aṣọ ni ó ń rù lọ sí àwọn ìletò olóko kòkó, tí ó ń tà wọ́n láwìn títí di ìgbà ìkórè. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó kẹ́rù rẹ̀. Àpótí méjì àti ìwé tí ó kọ orúkọ àwọn onígbèsè rẹ̀ sí ni bàbá náà gbé dé. Owó inú ìwé kò tẹ̀ lé e. Àwọn kan lọ́hùn-ún yọ̀ pé àwọn yóò gba ìsọ̀ Yorùbá. Ta ni yóò wá ru ọjà dé ìletò, tí yóò sì dúró de owó di ìgbà kòkó? Àwọn alágbàro tí ó ti òkè-òdò wá pẹ̀lú lọ, àwọn olóko sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣán oko.

Àwa náà kò mọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde. Àwọn tí ó lọ ju mílíọ̀nù kan lọ, ará Gana ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì tí wọ́n di ẹrù sí ni ẹ ń pè ní Gana-mọ́s-gò títí di òní, ẹ kì í sì í ronú ohun tí ẹ ń pè. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí ó wà nítòsí tiwa ní Ìsọlọ̀, olùkọ́ ìṣirò bá wọn lọ. Odindi ọdún kan ni àwọn ọmọ fi jókòó láìní olùkọ́ ìṣirò. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kan tí ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà de iṣẹ́ náà.

Owó tí a ní yóò pọ̀ ńkọ́? Epo rọ̀bì tí a ń tà sí òkè òkun ni iye rẹ̀ ti já wálẹ̀. Ará Gana kọ́ ni ó já a. Ẹ̀tẹ̀ ni a fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá. Ní ọjọ́ tí ó parí ọdún 1983 gan-an ni àwọn ológun gba ìjọba. Ní 1985, wọ́n tún lé àjèjì lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí 1986 yóò fi parí, dọ́là kan tí kò tó náírà kan ní 1983 ti ju náírà mẹ́ta lọ.

N kò sọ pé àlejò kì í ni ẹnikẹ́ni lára. Bíríkìlà ọmọ Ìsọlọ̀ tí wọ́n fi ará Kútọnu rọ́pò nítorí pé owó ti ará Kútọnu kéré, ìyà jẹ ẹ́, n kò sì ní bá a wí bí ó bá bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó gbà wọ́n síṣẹ́ ni ó jèrè ìyàtọ̀ owó náà. Òun ni kí bíríkìlà dojú kọ, kí òfin sì mú un láti san iye kan náà fún àwọn méjèèjì.

Ẹ wo ìyá ẹlẹ́wà àgànyìn tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ lówùúrọ̀. Ó ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ Hausa, epo lọ́wọ́ Yorùbá, búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹlẹ́búrẹ́dì Mafoluku, ó sì ń san owó ilé fún onílé. Bí a bá lé e lọ lónìí, ta ni yóò ra ọjà wọn lọ́la?