CV Àkọ́kọ́ àti Iṣẹ́ Tí Wọn Kò Kà Sí Iṣẹ́

CV ni ìwé tí ẹni tó ń wáṣẹ́ fi ń polówó ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Ojú ewé kan tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó máa kà á kò mọ ẹni tó kọ ọ́ rí, ẹ̀rù owó rẹ̀ ló sì ń bà á: bó bá gba ẹni tí kò wúlò, owó oṣù mẹ́ta mẹ́rin lè ti bómi lọ kó tó fura. Ìbẹ̀rù yìí ló ń mú kí ìpolówó iṣẹ́ máa béèrè ìrírí ọdún méjì tàbí mẹ́ta, títí kan iṣẹ́ tí ọmọ tó já fáfá lè mọ̀ láàárín oṣù kan. Kíkọ́ ènìyàn níṣẹ́ ń jẹ owó, àwọn ilé iṣẹ́ sì fẹ́ kí ẹlòmíràn ti bá wọn ná an.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ìjọba Nàìjíríà. Àjọ ITF (Industrial Training Fund), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971, ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù tí ilé iṣẹ́ ń san lọ́dún, kí owó lè wà láti fi kọ́ òṣìṣẹ́. Ní 1973, àjọ náà gbé SIWES kalẹ̀, ètò tó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní IT. Ọdún yẹn náà ni NYSC bẹ̀rẹ̀, ètò tí àwọn tó jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga, ìyẹn àwọn àgùnbánirọ̀, fi ń sin ìlú fún ọdún kan. Láti 2025, 77,000 náírà ni àgùnbánirọ̀ ń gbà lóṣù. Ó ju 70,000 náírà tí òfin fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ́dún 2024. Iṣẹ́ tí ìjọba ń sanwó fún lóṣooṣù fún odindi ọdún, iṣẹ́ gidi ni. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ CV, ìlà kan péré ló máa ń ní, nísàlẹ̀ orúkọ iléèwé, bí ẹni pé àìsàn ló ṣe onítọ̀hún lọ́dún náà. Àgùnbánirọ̀ tó fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, tó ṣètò ìdánwò, tó sì máàkì ìwé wọn, olùkọ́ ni. Kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àìnírìírí nìkan kọ́ ló ń ba CV àkọ́kọ́ jẹ́. Àdàkọ burú jù ú lọ. Ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹ̀gbẹ́ iléèwé, ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà á ṣí CV tó tẹ̀ fún ẹnìkan lọ́sẹ̀ tó kọjá, á pa orúkọ rẹ́, á fi tuntun sí i. Àdírẹ́ẹ̀sì á yí, iléèwé á yí. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí ènìyàn fẹ́ràn, ìwé kíkà àti ìrìn àjò kò ní kúrò níbẹ̀. Báyìí ni ẹni tí kò kúrò nílùú rẹ̀ rí ṣe ń di arìnrìn-àjò.

Ká ní ọmọbìnrin kan wà tó ti ń bá ìyá rẹ̀ ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, láti kíláàsì JSS 1 títí tó fi jáde ní poli. Bí wọ́n bá bi í bóyá ó ti ṣiṣẹ́ rí, á ní rárá, màmá òun lòun ń ràn lọ́wọ́. Ràn lọ́wọ́! Òun ló ń kọ ìwé àwìn, òun ló mọ oníbàárà tó jẹ gbèsè oṣù méjì àti èyí tó kàn ń pẹ́ sanwó. Òun ló ń ka àpò tó kù ní gbogbo alẹ́ Sátidé. Bí oníbàárà bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́, òun ló ń wo àkáǹtì dáadáa kí àpò tó kúrò ní káńtà, nítorí àwọn kan ń gbé ayédèrú alẹ́ẹ̀tì kiri. Iṣẹ́ olùṣírò owó àti ti alábòójútó ọjà ló pa pọ̀ ṣe yẹn. Lórí CV, wọn kò ní kọ pé ó ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Wọn yóò kọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí, iye oníbàárà tó ń kọ àwìn wọn, àti ohun tó ń ṣe gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ tó sì ti ṣe fíríìdọ̀mù, tàbí akápò ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí.

Ètò ìwé náà kò le. Orúkọ, ìlú, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tó bá orúkọ ẹni mu ló máa wà lókè, kì í ṣe ìnagijẹ ìgbà ọmọdé. Ẹ̀kọ́ ni yóò tẹ̀ lé e, nítorí òun ló wúwo jù lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pọ̀, èyí tó dé kẹ́yìn ni yóò sì ṣíwájú. Iṣẹ́ á tẹ̀ lé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé láti kọ Yorùbá síbi èdè, bẹ́ẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ń sanwó fún ẹni tó lè fi í dá oníbàárà lóhùn. Ní Nàìjíríà, àwọn ènìyàn ṣì ń kọ ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn àti ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá. Ẹni tó ń wáṣẹ́ ní Britain yóò yọ wọ́n kúrò, nítorí òfin ibẹ̀ ti 2010 kò gbà kí agbanisíṣẹ́ torí ọjọ́ orí, ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà kọ ènìyàn.

Irọ́ kì í pẹ́ tú. Ẹni tó kọ pé òun mọ Excel dunjú, wọ́n lè gbé e ka iwájú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àwọn tó máa jẹ́rìí síni, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ kí orúkọ wọn tó dé orí ìwé, ọ̀gá tó rí ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ IT sì wúlò ju gbajúmọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Kí wọ́n tó fi CV ránṣẹ́, kí wọ́n fi fóònù mìíràn pe nọ́ńbà tó wà lókè rẹ̀. Bí agbanisíṣẹ́ bá pè tí kò wọlé, ẹni tó kàn ni yóò pè.