Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì ní Etíkun Ìlàjẹ

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, àsíá yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì kò yí padà. Àkọ́sórí ni, ní èdè tí ọmọ kò gbọ́ nílé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ wá ojútùú sí i. Ní ọdún 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin. Wọ́n tilẹ̀ tayọ wọn. Síbẹ̀, ètò náà kò tàn kálẹ̀. Ìlànà ọdún 2022 tún fọwọ́ sí èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ fagi lé e ní ọdún 2025.

Àdánù yìí hàn gbangba ní etíkun Ìlàjẹ. Àwọn apẹja ibẹ̀ mọ̀ pé òkun a máa kún jù nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí ó bá di àrànmọ́jú. Àwọn ìyá ń yan ẹja kí ó lè pẹ́, nítorí pé ibi tí omi bá ti gbẹ tán, kòkòrò àìfojúrí kì í gbilẹ̀ níbẹ̀. Ẹyin kan, iyọ̀ àti ife omi méjì tó fún olùkọ́ láti fi hàn pé omi iyọ̀ a máa gbé ohun tí omi odò kò lè gbé. Sáyẹ́ǹsì ni gbogbo èyí.

Àwọn kan ń jiyàn pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí òye ohun kan bá ti yé ni ó ń rọrùn fún láti kọ́ orúkọ rẹ̀ ní èdè mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìdánwò. Ayétòrò, tí ìjọ Holy Apostles tẹ̀ dó ní ọdún 1947, pèsè iná mànàmáná fún ara rẹ̀, ó sì kan ọkọ̀ ojú omi láìdúró de ìjọba. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ níbẹ̀. Ta ni yóò yẹ ìgbì náà wò bí kò bá ṣe ọmọ tí wọ́n bí sí etí rẹ̀?

Nítorí náà, kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá lọ dánra wò ní Ìlàjẹ fi Yorùbá àti ẹ̀ka èdè ibẹ̀ kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti etí omi. Èyí kò nílò àṣẹ Àbújá.