Iṣẹ́ Wà Nínú Bíbo Àṣírí
Ní Bowie àti Largo níbí, àwọn màmá wa ṣì ń ka iṣẹ́ fún ọmọ: dókítà, nọ́ọ̀sì, lọ́yà, ẹnjiníà. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un: iṣẹ́ àwọn tó ń dáàbò bo àṣírí aráàlú lórí kọ̀ǹpútà.

Òfin ló ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Gómìnà Wes Moore buwọ́ lu ti Maryland ní 2024: ilé-iṣẹ́ tó bá mọ̀ pé ọmọ kan kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ta ìsọfúnni nípa rẹ̀. Nàìjíríà ṣe tiẹ̀ ní 2023; ó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yan òṣìṣẹ́ tí yóò máa bójú tó o.

Lọ́yà mọ òfin, àwa ẹnjiníà mọ kóòdù. Ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì ló ṣọ̀wọ́n. Ìdánwò CIPP/US tí ẹgbẹ́ IAPP ń ṣe kò sì béèrè dìgírì òfin, ẹ̀yin òbí náà lè ṣe é.

Lálẹ́ òní, ẹ bi ọmọ yín: áàpù wo ló mọ ibi tí à ń gbé, kí ló sì fẹ́ fi ṣe? Bí ìbéèrè yẹn bá dùn mọ́ ọn, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́.